Ọwọ́ Òsì Ọmọbìnrin Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Oníyẹ̀ẹ́

Kí ọmọ náà tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé mi ni mo ti ń fura sí i. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní mọ́sáláṣí ló mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá: ọmọbìnrin ará Indonéṣíà kan, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ń bọ̀ wá fi oṣù mẹ́fà gbá bádímíntìn fún ẹgbẹ́ eléré kan ní New Cross, ó sì ń wá ilé Mùsùlùmí tí yóò dé sí. Wọ́n ní èmi ló yẹ, nítorí yàrá òkè mi ṣófo, àti nítorí pé ẹnu mi ká ọmọ. Mo bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni gbígbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́, tí òbí yóò fi jẹ́ kí ọmọbìnrin dá sọdá òkun nítorí rẹ̀. Mo gbà á, ṣùgbọ́n kí ó tó dé, mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá tí mo ń kó aṣọ òkè mi sí, mo sì fi í sínú àpò mi.

Ọjọ́ tó dé, ó ba ìfura mi jẹ́. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó tẹrí ba, ó gba ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e kan iwájú orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kí àgbà nílùú wọn. Ìyá rẹ̀ fi àpò kọfí kan rán an sí mi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí mi, ó sì fi ti òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ró. Inú mi yọ́. Àwọn ọmọ tí a bí sí Peckham níhìn-ín, títí kan àwọn ọmọ-ọmọ tèmi, ọwọ́ tó bá sún mọ́ nǹkan ni wọ́n fi ń na nǹkan sí àgbà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún mi pé erékùṣù Jáfà ni wọ́n ti bí ọmọ yìí, ǹ bá búra pé Ìjẹ̀bú ni. Mo bi í bóyá àwọn náà ka ọwọ́ òsì sí nǹkan.

"Háà, Mọ́mì, ìyá ìyá mi máa ń gbá a ni. Tó bá gbá a tán, ó tún máa ní kí n wá gba nǹkan náà lẹ́ẹ̀kejì."

"Ìyá gidi nìyẹn," ni mo wí.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ń sáré, tèmi ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rántí gbogbo ohun tó sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá jókòó ti oúnjẹ, ó máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje ni bàbá rẹ̀ so àwọ̀n ìpẹja mọ́ igi àgbọn méjì lẹ́yìnkùlé, tó sì fi ẹfun fa ìlà sórí ilẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́ eléré kan ní ìlú ńlá, níbi tí ogún ọmọbìnrin ti ń sùn nínú gbọ̀ngàn kan; bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, okùn ni wọn yóò máa fò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n pè é sí àgọ́ ìgbaradì orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni ojú gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí nílùú wọn wà. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń kó wọn kiri ayé. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ìwé orúkọ máa ń jáde, ẹni tí kò bá sì rí tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó di ẹrù rẹ̀. Lọ́dún kẹta, òun kò rí tirẹ̀.

"Kí ni bàbá rẹ wí?"

"Wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ìsinmi ni mo wá lò. Mọ́mì, títí di òní, ìsinmi yẹn náà ni mo ṣì ń lò."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un. Olùkọ́ obìnrin kan láti àgọ́ náà yóò gba ìlú yìí kọjá nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, yóò sì wo ìdíje rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mú orúkọ rẹ̀ padà lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ súà. "Tí èèyàn bá ti kọjá ọdún méjìlélógún, wọn kì í pè é padà mọ́," ni ó wí, tí ó sì ń bu ọbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń sọ.

Síbẹ̀, èmi kì í ṣe ẹni tí í tètè gbàgbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá a ní yàrá ìdáná, tó ń gbé ìyẹ́ funfun sórí ooru kẹ́tùlù tó ń hó, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo pe orúkọ Ọlọ́run sínú, kí n tó lè sọ̀rọ̀.

"Kí lò ń pè sí ìyẹ́ nínú ilé mi?"

"Mò ń kà á ni, Mọ́mì. Bọ́ọ̀lù méjìlá ni. Tí ìyẹ́ bá ti gbẹ jù, ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gbá a ló máa ṣẹ́. Ooru omi ló ń jẹ́ kó pẹ́."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó: ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni, tí wọ́n gún yíká orí ìdérí kékeré kan. Mo dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ kẹ́tùlù náà kí n tó tún mu tíì inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a wà ní ìrọ̀rùn fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Ajé kan dé, nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí olùkọ́ náà wá wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Kò gba ọwọ́ mi bí ó ti ń ṣe láràárọ̀. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ na ọwọ́ sí i; ó tẹrí ba, ó yà bàrá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní bọ́ọ̀sì fẹ́ fi òun sílẹ̀. Ọwọ́ mi wà lófuurufú bí ọwọ́ ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

Bẹ́ẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí òkè. Ó ní fídíò àwọn tí òun fẹ́ bá díje ni òun ń wò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ṣí fìrísà, mi ò rí àpò gíríìnpíìsì mi, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí mo fi ń se ìrẹsì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di odindi òkúta kan, bí ohun tó yọ́, tó sì tún dì. Mo dúró tì í, mo ń rò ó. Ta ní í jí gíríìnpíìsì tí kì í jẹ ẹ́?

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbàgbé awò ojú mi sórí àga. Ó mú un, ó nà án sí mi. Ọwọ́ òsì ni. A wo ara wa. Ó mọ̀ pé mo rí i. Ó ní, "Ẹ má bínú," ó sì yára gun òkè. Kò gba awò náà padà kí ó tún fi ọ̀tún fún mi. Èyí ló dùn mí jù. Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ tó sì ṣe é, ó ní ohun tó ń gbé sínú.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi láti Walworth. A ti jọ wà nílùú yìí láti ìgbà èwe wa. Ọ́fíìsì káńsù ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní Ìyá Káńsù. Mo ro ẹjọ́ ọmọ náà fún un.

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Àlàájà, ọwọ́ òsì? Òsì pọ́ńbélé?"

"Òsì tí a fi ń ṣan ìdí."

"Háà! A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni, òun wá fi na awò ojú sí onílé. Oṣù mẹ́ta ní Peckham, ó ti tó o. Wọ́n ti sọ ọ́ di òyìnbó."

"Kì í jẹun lọ́dọ̀ mi mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú..." Ó ń retí kí n parí òwe náà fún un.

"Èmi kọ́ ni mo bí i," ni mo wí.

"Ẹ̀yin kọ́, ṣùgbọ́n fìrísà yín ni. Ẹ gun òkè, ẹ lọ yẹ yàrá wò. Àbí orúnkún ń dùn yín? Kí n bá yín gùn ún?"

"Ìyá Káńsù, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má fi ilé mi ṣe ilé káńsù tí ẹ ń yẹ̀ wò."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi pá a lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo gun òkè. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo wo inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Mò ń wá lẹ́tà ọkùnrin, mò ń wá ìgò ọtí, mò ń wá ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí n jàre. Ohun tí mo rí kò ju aṣọ àlẹ̀mọ́ tí àwọn eléré fi ń di ara, tí a ti lò tí a sì ká jọ, àti páálí oògùn ara ríro tó ti ṣófo. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́. Mo mú àlẹ̀mọ́ náà lọ́wọ́, mo jù ú padà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé mi ò rí nǹkan kan.

Olùkọ́ náà dé ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìdíje ku ọ̀tunla. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni bí àádọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ kan kì í tẹ̀. Kì í ṣe eré ló wá wò lọ́jọ́ náà. Ó wá kí mi ni, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn náà, a kì í wá wo ọmọ kí á má kọ́kọ́ kí ilé tó ń sùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà lọ po tíì wá.

"Ṣé ó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, Ìyá?"

"Ó ń gbọ́ràn."

"Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Mo gbọ́ pé ó ń jẹun," ni mo fèsì. "Èmi kì í rí i níbi tó ti ń jẹ ẹ́."

Olùkọ́ náà wò mí fìrí, ṣùgbọ́n kò bèèrè sí i. Ọmọ náà wọlé, ó gbá àwo tíì mọ́ àyà pẹ̀lú apá, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó mú ife kan, ó nà án sí olùkọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì.

Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ mọ́kànlá ru sókè. "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ọwọ́ wo nìyẹn? Àlejò sọdá òkun wá kí mi nínú ilé mi, o fi òsì gbé tíì fún un! Gbé e padà. Fi ọ̀tún gbé e."

Ó gbé ife náà padà sórí àwo. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn tó fẹ́ tì mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò àti ìka méjì mú etí ife, ó gbé e. Kò tíì ga tó ìbú ìka kan tí ife náà fi dojú dé. Tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀.

Kò ké. Ìyẹn gan-an ló là mí lójú. Ẹni tí omi gbígbóná bá dà sí lẹ́sẹ̀ máa ń ké. Ẹni tí kò bá ké, ìrora mìíràn tó ju ìyẹn lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo gba ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń fi pa mọ́ fún mi láti ọjọ́ wọ̀nyí, mo fi ìka tẹ kòtò kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò. Ó já ọwọ́ náà gbà, ó fẹ́ ṣubú. Olùkọ́ rẹ̀ ló gbá a mú.

"Ìgbà wo lo ṣubú?"

"Ó máa pé ọ̀sẹ̀ méjì ní Sátidé. Omi wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn, mi ò rí i."

"O sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀?"

"Mò ń dì í tí mo bá ń lọ. Tí mo bá dé, mo máa ń gbé gíríìnpíìsì inú fìrísà yín lé e."

"Èmi tí mo ń tọ́jú eegun, tí o ń bá gbé nínú ilé! Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn, Mọ́mì." Ó ń sunkún wàyí. "Ẹ̀yin máa mọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé kí ẹ bínú sí mi sàn ju kí ẹ mọ̀ lọ."

Olùkọ́ náà jókòó padà. Kò wo ọmọ náà. Èmi ló wò. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Tí mo bá fúnra mi dì í, ṣé ó lè gbá ti ọ̀tunla?"

"Wákàtí kan péré ni, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí. "Ẹ sọ pé mo lè ṣe é. Tí wákàtí yẹn bá ti kọjá, kí ẹ gé e."

Eegun kékeré kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀pà lọ, apá kan ṣoṣo ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ tí a kò sì dá a sí, ó lè kú sínú ọwọ́. Mo ti rí káfíńtà tí kò lè yí kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ mọ́. Mo mọ èyí, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Rárá," ni mo wí.

Olùkọ́ náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èdè wọn, lẹ́yìn náà ó sọ fún èmi náà: ọjọ́ Àìkú ni òun yóò fi orúkọ ránṣẹ́, òun kò sì lè kọ orúkọ ẹni tí òun kò rí kó gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ń lọ, ó gbá orúnkún rẹ̀ tó gan. "Nígbà tiwa," ni ó wí fún mi lẹ́nu ọ̀nà, "kò sí ẹni tó sọ pé rárá."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Fọ́tò eegun àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Ọmọ náà kọjú sí mi nínú yàrá ìdúró, ìrètí sì kún ojú rẹ̀. Fún bí wákàtí méjì, kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ kejì, mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún. Ẹ̀rọ kejì fi ibi tó sán hàn. Wọ́n di ọwọ́ náà ní P.O.P., ẹfun líle tí a fi ń de eegun, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méjìlá kí wọ́n tó tú u.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Ní Sátidé náà, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọmọ mìíràn tó ń gbá ìdíje tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ wá sí tábìlì mi, ó jókòó, ó fi òsì mú ṣíbí, ó sì dúró.

"Ṣé ẹ gbà mí láàyè?"

"Jẹun," ni mo wí. "Ọlọ́run kò fi ìnira sínú ẹ̀sìn."

Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo mọ̀ pé yóò béèrè. "Mọ́mì, ká ní mo fi ọwọ́ ọ̀tún fún yín ní awò ojú yẹn, ṣé ẹ̀ bá ṣì sọ pé rárá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo gba ara mi gbọ́. Ìfura ni oògùn àgbà. Èmi ti mu ún títí ó fi fọ́ mi lójú. Fọ́tò ẹ̀rọ kejì dá mi láre, ṣùgbọ́n kí fọ́tò tó dé ni mo ti sọ̀rọ̀, inú sì ń bí mi nígbà tí mo sọ ọ́. Bóyá nọ́ọ̀sì ni ó sọ ọ́, bóyá arúgbó tí wọ́n fi òsì fún ní awò ojú ni ó sọ ọ́, èmi kò tíì rí ẹ̀rọ tó lè ya fọ́tò ìyẹn.

Wọ́n tú P.O.P. ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti pé tó sì lé díẹ̀, ó sì padà sílé. Àgọ́ kò pè é. Ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti kékeré ló gbà á padà, láàárín àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní àwọn ìdíje ìlú kéékèèké tí kò sí olùkọ́ àgọ́ tó ń wá wò. Bàbá rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún àwọn ará àdúgbò.

Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìdíje àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ hàn, òógùn ṣì wà lára rẹ̀, ariwo gbọ̀ngàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo pàdánù, Mọ́mì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló nà mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dùn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí. Gbé e sókè kí n rí i."

"Mọ́mì!"

"Gbé e sókè. Yí i padà. Fi ìka tẹ ìdí àtàǹpàkò. Má rọra tẹ̀ ẹ́, mò ń wò ọ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Mi ò wo ọwọ́ náà rárá. Ojú rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mo sì ní kí ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.